Gírámà àti Ìwé Kíkọ fún Ọmọ Tí A Ń Kọ́ Nílé: Èwo Ló Yẹ Kó Ṣíwájú?

Ìbéèrè tí àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ wọn nílé máa ń bi mí jù lọ ni pé ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́ ni kí àwọn fi kọ́ ọmọ ní gírámà, mélòó ni kí àwọn sì fi kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Ọmọ tí wọ́n ń sọ kì í sábà ju ọmọ ọdún 5 sí 9 lọ. Ó máa ń hàn nínú ìbéèrè wọn pé wọ́n ti ka ẹ̀kọ́ méjèèjì sí ẹrù méjì tí ó wúwo bákan náà, tí a gbọ́dọ̀ gbé sórí òṣùwọ̀n, kí a máa bu ti ọ̀tún kún ti òsì títí wọn yóò fi dọ́gba. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ́jú pọ̀. Fún ọmọ kékeré, inú gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ sọ tàbí tí ó kọ ni gírámà ń gbé, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti máa fi hàn án. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń ṣíwájú, iṣẹ́ ọwọ́ a tẹ̀ lé e, orúkọ tí a ń pe àwọn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ a sì wá kẹ́yìn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú “gírámà” fúnra rẹ̀ wò, nítorí pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń fi orúkọ kan náà pè. Èkíní ni òfin tí ó ti wà lẹ́nu ọmọ kí ó tó mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà kan àti èkejì. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ ọdún 4 tí a fi Yorùbá tọ́ dàgbà. Yóò sọ pé “Mo ra bisikíìtì”, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè bí ó ṣe rí bisikíìtì náà, yóò ní “Mo rà á”. Nínú gbólóhùn kìíní, ohùn àárín ni ó fi pe “ra”, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó tẹ̀ lé e. Nínú èkejì, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni ó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ ní òfin yìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ń sọ èdè náà láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè ṣàlàyé rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ náà kì í ṣì í.

Èkejì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àwọn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú gbólóhùn: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, olùwà, àbọ̀ àti àwọn yòókù. Ẹ̀kẹta ni ìlànà àkọsílẹ̀, èyí tí ẹnu kò lè kọ́ ọmọ: pé lẹ́tà ńlá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, pé àmì ìdánudúró ni a fi ń parí rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ méjì ni “kì í” kì í ṣe ọ̀kan, pé àmì ohùn ni ó ya “igbá” tí a fi ń bu omi sọ́tọ̀ kúrò lára “ìgbà” òjò àti “igba” náírà. Ìwé iṣẹ́ tí a ń rà lọ́jà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, òbí a sì rò pé nǹkan kan ni wọ́n. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa kò nílò ẹ̀kọ́ lórí èkíní rárá. Ìlànà àkọsílẹ̀ ni ó nílò, díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ tí ó bá ti mú pẹ́ńsù. Orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ lè dúró de ìgbà tí ó bá yẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún 6 nígbà tí a bá ní kí ó kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní láti ronú ohun tí yóò sọ, ó ní láti to èrò náà sínú gbólóhùn, ó sì ní láti fi ọwọ́ ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó sì ń ṣe wọ́n. Ohun tí ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ti ọmọdé sì kéré sí i. Ọwọ́ àgbàlagbà ti mọ lẹ́tà kíkọ débi pé kì í ronú sí i mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 6 ṣì ń ro ibi tí ikùn “b” yóò kọjú sí àti ibi tí ti “d” yóò kọjú sí. Nígbà tí ó bá fi máa kọ “ọjọ́ ìbí” tán, ohun tí ó fẹ́ sọ nípa àkàrà òyìnbó tí wọ́n gé ti fò lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí a bá wá dúró lé e lórí pé kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, a ti di ẹrù kẹrin lé ẹni tí mẹ́ta ti wọ̀ lọ́rùn.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a ya àwọn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, kí ọmọ máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láàyè ara rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi lè bá ẹnu dọ́gba. Ìtàn sísọ ni a fi ń kọ́ ọ bí a ṣe ń to èrò: ọmọ a máa sọ, òbí a máa kọ. Àwòkọ wà fún ọwọ́ nìkan: ọmọ a da gbólóhùn kan tí ó dára kọ, kò sí ìrònú kankan níbẹ̀ ju pé kí lẹ́tà rẹ̀ mọ́ lọ. Nígbà tí ó bá tó ọmọ ọdún 7 tàbí 8, a lè fi àpèkọ kún un, èyí tí ó so etí pọ̀ mọ́ ọwọ́: a pe gbólóhùn kan tí ọmọ ti rí tẹ́lẹ̀, òun a sì kọ ọ́ láìwo ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6, a lọ kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò kan sì wọ ilé ìdáná níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí a padà délé, mo ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà sínú ìwé àjákọ rẹ̀. Ó jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú 20, ohun tí ó sì kọ kò ju “Ewure je amala” lọ. Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó kàn máa sọ ọ́ fún mi. Lára ohun tí ó sọ ni èyí, mo sì kọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ewúrẹ́ náà jẹ gbogbo àmàlà tí màmá àgbà rò sílẹ̀, ó wá ń nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.” Ẹ wo iye gírámà tí ó wà níbẹ̀! Gbólóhùn tí ó ní awẹ́, ìyẹn gbólóhùn kékeré, nínú wà níbẹ̀, “ń” tí ó fi hàn pé ìṣe náà ń lọ lọ́wọ́ wà níbẹ̀, àfiwé sì wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tí ì lè gbé e. Ní ọjọ́ kejì, gbólóhùn tirẹ̀ yìí náà ni mo fún un láti dà kọ, ó sì fi ayọ̀ dà á kọ nítorí pé ọ̀rọ̀ òun ni.

Ìbéèrè tí ó kàn ni bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni gírámà ń gbà wọlé. Mo ti ṣi ọ̀nà níbí rí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí kọ ojú ìwé kan nípa ọjà Bódìjà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ìlà méje péré ni. Mo mú báírò pupa, mo fa ìlà sí ibi 14. Ohun tí mo rí gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kìkì ọ̀rọ̀ tí ó dá a lójú pé òun mọ sípẹ́lì rẹ̀ ni ọmọ náà ń kọ. “Mo lọ. Mo rí ata. Mo dé.” Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun mìíràn nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà, àṣìṣe kan ṣoṣo ni mò ń mú nínú iṣẹ́ kan. Mo máa ń yan èyí tí ó wáyé lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹnu ọmọ sì ti mọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ kọ pé “Bàbá àgbà wá. Ó fún mi ní owó.” Mi ò ní sọ fún un pé ó ṣi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ lò. Mo máa ń ní kí ó ka gbólóhùn náà sókè, kí ó ṣe bí ẹni pé ìyá bàbá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Kí ó tó parí rẹ̀ ni yóò ti yí i padà: “Wọ́n fún mi ní owó.” Nígbà náà ni n ó wá sọ fún un pé “ó” àti “wọ́n” ń gba ipò orúkọ, àti pé a máa ń lo “wọ́n” fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá jù wá lọ. Ẹ̀kọ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà ni ó kẹ́yìn, nígbà tí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn àṣìṣe yòókù tí mo rí, mo máa ń kọ wọ́n sínú ìwé tèmi fún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn máa ń da òbí láàmú ju ohunkóhun lọ. Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe ohun tí a lè sún síwájú, nítorí pé ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ lẹ́tà tí ó dá dúró nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí ó jẹ́ 25. Ọmọ tí ó kọ “o” dípò “ọ” ti kọ lẹ́tà mìíràn. Àmì orí lẹ́tà yàtọ̀. Etí ni kí a fi kọ́kọ́ kọ́ ọ, pẹ̀lú dò, re, mí, kí ọmọ máa fi ohùn kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni kí ó máa rí i kí ó sì máa kọ ọ́ nínú àwòkọ. Nínú ohun tí ọmọ fi èrò ara rẹ̀ kọ, mi ò ní béèrè gbogbo àmì ohùn kí ó tó pé ọmọ ọdún 8, àfi lórí ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà bí “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀”. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò ta kò mí lórí èyí, ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ púpọ̀ jù tí ó fi ìwé kíkọ sílẹ̀ nítorí àmì.

Ọ̀nà kejì tí gírámà ń gbà wọlé ni kí a jẹ́ kí ọmọ máa fa gbólóhùn gùn, kí ó sì máa so gbólóhùn pọ̀. Ẹ fún un ní “Ajá gbó.” Ẹ bi í pé ajá wo? “Ajá wa gbó.” Ìgbà wo? “Ajá wa gbó ní òru.” Kí ló dé? “Ajá wa gbó ní òru nítorí pé ológbò kan ń gun ògiri.” Ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú gbólóhùn. Ní ti síso pọ̀, èdè wa ní àrà kan tí ó dùn mọ́ ọmọdé gan-an. Ẹ kọ “Mo ra ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ̀pà náà.” Ẹ ní kí ó sọ méjèèjì di ọ̀kan, kí ó má sì lo “àti” tàbí “sì”. Ọmọ yóò sọ pé “Mo ra ẹ̀pà jẹ.” Ẹ fún un ní “Mo mú àga. Àga náà wá sí ìta”, yóò ní “Mo mú àga wá sí ìta.” Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tò tẹ̀ léra wọn báyìí jẹ́ ara ẹwà Yorùbá, ọmọ a sì máa wá irú rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ìdáhùn àlọ́.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí fara mọ́ èyí. Ní ọdún 2007, Steve Graham àti Dolores Perin kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ìwé kíkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì 4 sí 12 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé síso gbólóhùn pọ̀ wà lára ohun tí ó mú ìwé kíkọ àwọn ọmọ náà dára sí i, ṣùgbọ́n gírámà tí a dá kọ́ lọ́tọ̀, tí kò bá ohun tí ọmọ ń kọ mu, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò dàgbà ju àwọn tí à ń sọ lọ. Tí kò bá ran ọmọ ọdún 12 lọ́wọ́, mi ò rí ìdí tí a ó fi retí pé kí ó ran ọmọ ọdún 6 lọ́wọ́.

Èdè méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ gírámà ti wúlò ju ibikíbi lọ. Ohun tí a pè ní àìmọ̀kan nínú Gẹ̀ẹ́sì ọmọ sábà máa ń jẹ́ òfin Yorùbá tí ó mọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí àná tàbí òní, nítorí náà ọmọ a kọ “Yesterday I go to market.” Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í gba ohunkóhun kún ara rẹ̀ bí ó bá di púpọ̀, nítorí náà ó di “two book.” “Ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ọmọ a kọ “he” fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Dípò kí a máa fa ìlà pupa sí wọn, ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sórí pátákó, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ wá ibi tí wọn kò ti bára mu. Inú rẹ̀ a dùn pé òun kò ya dìndìnrìn, pé òfin èdè kan ni òun gbé lọ sínú èdè kejì. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò-ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń sáré kọ́ ọmọ ọdún 6 ní orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀? Mo rò pé nítorí pé gírámà rọrùn láti máàkì ni. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó tọ̀nà, òbí a fún ọmọ ní 8 nínú 10, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fún ìtàn ewúrẹ́ ní 8 nínú 10. Ìdánwò náà tún dá kún un. Ìdánwò àṣewọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀, tí àjọ ìdánwò NECO ń ṣe, jẹ́ èyí tí ọmọ ti ń mú ìdáhùn kan láàárín mélòó kan. Àwọn òbí wa tí ó wà ní ìlú London náà ń bá ìwé iṣẹ́ tí ó kún fún orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ pàdé, nítorí pé láti ọdún 2013 ni ìdánwò gírámà, àmì ìkọ̀wé àti sípẹ́lì ti wà lọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní England. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ọdún 10 tàbí 11 ni ń ṣe àwọn ìdánwò wọ̀nyí, òfin England kò sì fi dandan mú ọmọ tí a ń kọ́ nílé láti ṣe é. Ọmọ tí ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ já gaara ní ọdún 9 lè kọ́ orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ láàárín oṣù mélòó kan, nítorí pé ohun tí ó ti ń lò ni à ń sọ lórúkọ fún un.

Ní ti àkókò, ohun tí mò ń ṣe nìyí. Fún ọmọ ọdún 5 àti 6, ìṣẹ́jú 10 ni fún àwòkọ, ìṣẹ́jú 10 fún ìtàn sísọ, kò sì sí ẹ̀kọ́ gírámà kankan tí ó dá dúró. Ní ọdún 7 àti 8, ọmọ a fúnra rẹ̀ kọ nǹkan fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, a ṣe àpèkọ lẹ́ẹ̀kan, a sì fi ìṣẹ́jú 5 wo àṣìṣe kan tàbí so gbólóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún 9 ni mo ti ń ya ìṣẹ́jú 20 sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún gírámà gan-an, nígbà tí ìwé kíkọ ṣì ń gba àkókò tí ó pọ̀ jù. Bí ó bá di pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan nítorí àìsàn tàbí àlejò, gírámà ni ó máa ń fò ó.

Ìkìlọ̀ kékeré kan wà nípa ìwé tí ọmọ ń dà kọ. Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí ni èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Nínú Bíbélì àtijọ́ tí ó wà nílé ọ̀pọ̀ ìyá àgbà, ọmọ yóò bá “aiye”, “enia” àti “nwọn” pàdé, dípò “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Ẹ jẹ́ kí ó kà á, kí ẹ sì ṣàlàyé pé bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe àwòkọ.

Ọmọ mi ọkùnrin tí mo fi báírò pupa dá lẹ́kun ìwé kíkọ nígbà kan ti pé ọmọ ọdún 9 báyìí. Ní oṣù tó kọjá, ó kọ “Mo ra á”, ó kà á sókè, ó ní kò dún dáadáa, ó sì fúnra rẹ̀ fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé kí ló dé tí “ra ìwé” kò fi ní àmì, tí “rà á” sì ní. Ọjọ́ náà ni mo tó kọ́ ọ ní òfin tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún 4. A ya ìlà sí ojú ìwé kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ: ka ìwé, kà á; se ẹ̀wà, sè é; gba owó, gbà á; bu omi, bù ú; fọ aṣọ, fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó dé orí “jẹ ẹ́” àti “rí i”, ó dúró, ó ní àwọn méjì yìí kì í yí ohùn padà, pé kí á ya ìlà mìíràn fún wọn. Ìlà mẹ́ta ni ó wà lójú ìwé náà báyìí, ó sì máa ń sáré wá láti ìta láti fi ọ̀rọ̀ kún un.